Bọ́ńkà àṣírí tí pátákó ń júwe: ìràwọ̀ mẹ́rin, ẹyọ kan tó kù di ìgbà tí mo bá rí rìsíìtì

Pátákó ojú títì ló kọ́kọ́ pa mí lẹ́rìn-ín. A ti kọjá Brentwood, ọmọ mi obìnrin ló ń wa mọ́tò. Bí a ṣe ń sún mọ́ Kelvedon Hatch, abúlé kan ní Essex, ni mo rí i tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé bọ́ńkà núkílíà àṣírí wà lápá ibí. Àṣírí wo ló tún kù níbẹ̀? Àkànní, àbúrò mi tó jókòó níwájú, ní, "Àǹtí mi, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, bí Òyìnbó ṣe ń ṣe nìyẹn." Ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún 11, ló ni ìrìn náà. Wọ́n ń kọ́ wọn nílé ìwé nípa ìgbà tí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ń fi bọ́ǹbù átọ́míìkì halẹ̀ mọ́ ara wọn. Ó wá fi ọ̀sẹ̀ méjì dà wá láàmú pé òun fẹ́ fojú ara òun rí ihò tí ìjọba Ìlú Ọba ìbá sá wọ̀ ká ní bọ́ǹbù ọ̀hún bọ́. Mo ní ó dáa, n ó bá yín lọ. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, kí ló tún fẹ́ fi ọjọ́ Sátidé ṣe?

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí ibẹ̀ ṣe rí kí n tó sọ tẹnu mi. Ilé pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan ló wà láàárín igi, irú èyí tí ẹ máa rò pé àgbẹ̀ kan àti ìyàwó rẹ̀ ló ń gbébẹ̀. Ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Kò sí ẹni tó jókòó síbẹ̀ tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó mú ẹ̀rọ kan tó dà bíi tẹlifóònù àtijọ́, ẹ ó gbé e létí, ẹ ó máa tẹ nọ́ńbà ibi tí ẹ bá dé, yóò sì máa ṣàlàyé fún yín. Ìgbà tí ẹ bá rìn dé òpin, nílé oúnjẹ wọn, lẹ tó máa sanwó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi ọmọ mi léèrè: ṣé lóòótọ́ la máa wò ó tán ká tó sanwó? Ọdún 34 ni mo fi ṣe akọ̀wé owó ní Ìbàdàn, lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀, mi ò rí irú ìfọkàntán báyìí rí. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó fẹ́ yá àga lásán, ó gbọ́dọ̀ fi nǹkan dógò.

Lẹ́yìn ilé yẹn ni ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ gbọọrọ kan wà, bí ọgọ́rùn-ún mítà, tó tutù bí inú fíríìjì. Orúnkún mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ìparí rẹ̀ ni àwọn ilẹ̀kùn irin wà. Mo fi èjìká ti ọ̀kan, bí ẹni pé eṣinṣin ló bà lé e. Ẹ wá wọ inú ilé alájà mẹ́ta tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ sábẹ́ òkè, tí ògiri kọ̀ǹkéré rẹ̀ nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Ọdún 1952 sí 1953 ni wọ́n kọ́ ọ, kí àwọn ọmọ ogun òfuurufú lè máa ṣọ́ bàálù Rọ́ṣíà láti ibẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n sọ ọ́ di ibi tí àwọn aláṣẹ yóò ti máa ṣàkóso agbègbè náà tí Lọ́ńdọ̀nù bá ti di eérú. Ó lè gba ènìyàn tó 600. Ẹ ó rí tábìlì máàpù, tẹlifóònù lọ́kan-ò-jọ̀kan, ibùsùn irin tí wọ́n tò léra wọn bíi ti àwọn ọmọ tó ń gbé inú ọgbà ilé ìwé, yàrá dókítà, àti sítúdíò BBC kékeré kan tí ohùn ìjọba ìbá ti máa jáde sí ẹni tó bá ṣẹ́ kù láti gbọ́ ọ.

Ní 1992 ni ìjọba ti í pa. Ìdílé àgbẹ̀ tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn níbẹ̀rẹ̀ ló padà rà á. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú ju gbogbo ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ lọ. Ìjọba gba oko, wọ́n gbẹ́ ihò sí i, wọ́n náwó sí i fún ogójì ọdún, àgbẹ̀ ra oko rẹ̀ padà pẹ̀lú ihò nínú, ó sì ń gba owó ìran lórí ihò. Nínú gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù kàn láti 1945, bóyá àwọn nìkan ni èrè wọn hàn sójú ìwé.

Ibi tí mo ti dúró pẹ́ jù ni ibi tí wọ́n ti ń fi fíìmù kéékèèké tí ìjọba ṣe fún aráàlú hàn. Ní 1980, ìjọba tẹ ìwé pélébé kan jáde, àádọ́ta pẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń tà á, pé bí bọ́ǹbù bá ń bọ̀, kí oníkálukú yọ ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, kó fi ti ògiri, kó to àpò iyẹ̀pẹ̀ sórí rẹ̀, kí òun àti ìdílé rẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì wà nínú ilé fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọmọ ọmọ mi wò ó, ó wò ó, ó yíjú sí mi: "Màmá àgbà, ilẹ̀kùn yàrá mi fúyẹ́ bíi páálí." Mo ní mo mọ̀, èmi náà ń gbé inú ilé yẹn. Kọ̀ǹkéré ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá fún ènìyàn 600, ilẹ̀kùn páálí fún mílíọ̀nù 56. Àádọ́ta pẹ́ẹ̀sì sì ni wọ́n tún gbà lọ́wọ́ wọn.

Bí mo ṣe ń rìn tí ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀ sí mi létí, iye owó ni mo ń fetí sí. Àṣà iṣẹ́ mi ni. Bí mo bá wọ ilé ìkómọ, mo ti ń ṣírò iye àga. Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn tó ni ibẹ̀ báyìí, ìran ni wọ́n ń fi hàn, wọ́n sì ń fi hàn dáadáa. Ìjọba tó náwó ọ̀hún gan-an ni kò fẹ́ ká rí iye tó jẹ́. Ìyẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ bá mi padà sí oṣù kẹwàá 1946. Ogun Hitler ti parí, gbèsè ti so mọ́ Ìlú Ọba lọ́rùn. Bílíọ̀nù 3.75 dọ́là ni wọ́n yá lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, wọn ò sì san án tán àfi ní ìparí ọdún 2006. Búrẹ́dì tí wọn ò fi káàdì pín nígbà tí bọ́ǹbù ń rọ̀jò lé wọn lórí, oṣù keje 1946, tí ogun ti tán, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi káàdì pín in, ó sì di oṣù keje 1948 kó tó dópin. Inú ọ̀dá yìí ni ìgbìmọ̀ kékeré kan ti jókòó lọ́dọ̀ Clement Attlee, olórí ìjọba, láti pinnu bóyá kí wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ tí yóò máa ṣe yuréníọ̀mù fún bọ́ǹbù. Hugh Dalton tó mú àpò owó ìlú dání, àti Stafford Cripps tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òwò, ní rárá, owó ò sí. Ọ̀rọ̀ ti fẹ́ parí síbẹ̀. Àfi bí Ernest Bevin, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè, ṣe pẹ́ dé. Wọ́n ní oorun ọ̀sán ló gbé e lọ. Ó ní òun ò fẹ́ kí mínísítà Ìlú Ọba kankan mọ́ gba irú ìwọ̀sí tí mínísítà Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kan òun. Pé dandan ni ká ní nǹkan yìí níbí, iyekíye tó bá jẹ́, kí àsíá Ìlú Ọba sì wà lórí rẹ̀.

Iyekíye tó bá jẹ́. Lọ́fíìsì wa, bí alága bá ti la ẹnu sọ gbólóhùn yẹn, mo máa ń rọra ti dúrọ́ọ̀ mi ni.

Nígbà tí wọ́n tún jókòó ní oṣù kìíní 1947 láti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ṣe bọ́ǹbù gan-an, wọn ò pe Dalton, wọn ò pe Cripps. Àwọn tó mọ iye tó wà nínú àpò ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ò gbọ́ àfi ní 1948, nínú ìdáhùn kúkurú kan tí ọ̀pọ̀ ò tilẹ̀ fura sí. Ìgbà tí Churchill padà wọlé sórí àga ní 1951 ló rí i pé Attlee, tó jẹ́ olóṣèlú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ti ná bíi mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn sí i láìjẹ́ kí ilé ìgbìmọ̀ mọ̀. Ẹnu ya ọkùnrin náà. Mo ṣe akọ̀wé owó, mo mọ ohun tí wọ́n ń pe irú ẹ̀ nígbà tó bá jẹ́ pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni, tó sì jẹ́ pé màmá kan tó ń tọ́jú owó ẹgbẹ́ ló ṣe é. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá 1952 wọ́n yin ti àkọ́kọ́ ní erékùṣù Monte Bello, létí Ọsirélíà, nínú ọkọ̀ ojú omi kan. Ọkọ̀ náà pòórá. Ní Ìlú Ọba níbí, káàdì oúnjẹ ò tíì tán. Ó di 1954.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá kàn mí lára nìyí. Ilé-Olúji ni bàbá mi ti ṣe oko kòkó. Ọdún 1947, ọdún kan náà tí wọ́n fọwọ́ sí bọ́ǹbù, ni ìjọba amúnisìn dá àjọ tó ń ra kòkó Nàìjíríà sílẹ̀. Iye tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ kéré sí iye tí wọ́n ń tà á lókèèrè. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, wọ́n ní àwọn ń tọ́jú ẹ̀ de ọjọ́ tí ọjà bá já wálẹ̀, ibi tí wọ́n sì tọ́jú ẹ̀ sí ni Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fi ra ìwé gbèsè ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Kòkó tí Amẹ́ríkà bá rà, dọ́là ẹ̀, inú àpò tí Lọ́ńdọ̀nù ń ṣọ́ fún gbogbo ìlú abẹ́ àṣẹ wọn ló ń lọ. Mi ò ní kòkó bàbá mi ló ra bọ́ǹbù o. Owó kì í kọlà, ẹ ò lè wò ó lójú kí ẹ mọ ilé tó ti wá. Ṣùgbọ́n ìjọba tí kò lówó búrẹ́dì lọ́wọ́, tó ń kọ́ ilé iṣẹ́ bọ́ǹbù, àgbẹ̀ Ilé-Olúji wà lára àwọn tó ń yá a lówó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Agolo bìsíkíìtì kan ni bàbá mi máa ń kó rìsíìtì kòkó sí, bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí tádàwà aró rẹ̀ máa ń yí mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Òun ló kọ́ mi pé owó tí kò ní bébà, owó tó ti sọnù ni. Mo rò ó débẹ̀ nínú yàrá máàpù yẹn, ọmọ mi sì rò pé òtútù ló ń mú mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí máa ní, ṣé bọ́ǹbù wọ́n tó bẹ́ẹ̀ ni? Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo wádìí ẹ̀: bọ́ǹbù fúnra ẹ̀ kọ́ ló gba owó jù níbẹ̀. Ilé ìwádìí Brookings ṣírò ẹ̀ ní 1998 pé láti 1940 sí 1996, Amẹ́ríkà ná tírílíọ̀nù dọ́là márùn-ún ààbọ̀ sórí ọ̀rọ̀ núkílíà, ní iye owó ọdún 1996. Nínú rẹ̀, ṣíṣe bọ́ǹbù gan-an ò ju bíi méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Èyí tó ju ìdajì lọ ni ohun tó ń gbé e: bàálù, rọ́kẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ abẹ́ omi, àti àwọn tó ń ṣọ́ wọn. Ìyókù ni ìṣọ́, ìròyìn, ìdáàbòbò, ìgbálẹ̀ ìdọ̀tí tó fi sílẹ̀.

Ó rán mi létí jẹnẹrétọ̀ ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Ní 1994 ó gbé jẹnẹrétọ̀ ńlá kan wálé, ó ní òun rà á ní gbàǹjo. Ìlà kan ṣoṣo ni mo fi kọ ọ́ sínú ìwé ìnáwó ilé wa. Lẹ́yìn náà ni ilé tí a kọ́ fún un, nítorí òjò. Geéètì irin, nítorí olè. Dísù. Ọ́ìlì. Mẹkáníìkì tó ń wá lóṣooṣù bí ẹni tó ń wá gba owó ilé. Ọmọkùnrin tó ń sùn tì í. Kí ọdún mẹ́ta tó pé, owó tó ti bá a lọ ti di ìlọ́po mẹ́rin iye tí a fi rà á. Nígbà tí ọkọ mi kú, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Owó ni mo san kí wọ́n tó bá mi wú u kúrò, epo rẹ̀ sì ti mu ilẹ̀ ibẹ̀ débi pé ewédú ò hù níbẹ̀ mọ́.

Gbogbo ìtàn núkílíà Ìlú Ọba náà nìyẹn, kìkì pé tiwọn ní odo púpọ̀. Wọ́n ṣe bọ́ǹbù tán, ó ku ohun tó máa gbé e. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ń pè ní Blue Streak, wọ́n ná ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù pọ́n-ùn sí i, wọ́n pa á tì ní 1960. Wọ́n ní àwọn á ra rọ́kẹ́ẹ̀tì Skybolt lọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Amẹ́ríkà fúnra wọn pa á tì ní 1962. Wọ́n wá bẹ̀bẹ̀ fún Polaris, rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń yìn láti inú ọkọ̀ abẹ́ omi, Amẹ́ríkà gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí wọ́n fi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lé iye rẹ̀ fún owó ìwádìí. Bí ó ṣe yẹ kí ọlọ́jà ṣe náà nìyẹn. Nígbà tó yá wọ́n ní Rọ́ṣíà ti fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dá Polaris dúró, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe kan tí wọ́n pè ní Chevaline. Ìjọba mẹ́rin ló ṣe é ní bòókẹ́lẹ́, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ẹgbẹ́ kónsáfétífù, oṣù kìíní 1980 ni wọ́n tó sọ ọ́ ní gbangba. Ó ti di bílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Ọdún kan náà ni ìwé àádọ́ta pẹ́ẹ̀sì yẹn jáde.

Láti 1969 títí di òní, ọkọ̀ abẹ́ omi wọn kan gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ òkun tọ̀sántòru, kì í gbọdọ̀ sí àlàfo. Mẹ́rin tuntun ni wọ́n ń kàn báyìí, Dreadnought, bílíọ̀nù 31 pọ́n-ùn, wọ́n sì fi bílíọ̀nù mẹ́wàá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó bá lọ gbà jù bẹ́ẹ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì inú wọn ńkọ́? Àká kan náà tí Amẹ́ríkà ń lò ni wọ́n ti ń mú un, ní Kings Bay, ìpínlẹ̀ Georgia. Orí rẹ̀ nìkan, ibi tí bọ́ǹbù wà, ni wọ́n ń ṣe fúnra wọn, ní Aldermaston. Bevin gba àsíá rẹ̀ o. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, orí ló wà. Ara ti ẹlòmíì ni.

Ìgbálẹ̀ ló wá bani lẹ́rù jù. Àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi alágbára núkílíà tí wọ́n ti fi sílẹ̀ láti 1980, ogún ni wọ́n nígbà tí àyẹ̀wò owó ìjọba ṣírò wọn ní 2019, ní èbúté Devonport àti Rosyth. Nígbà náà kò tíì sí ẹyọ kan tí wọ́n tú palẹ̀ tán, mẹ́sàn-án ṣì ní epo inú rẹ̀, ìdajì bílíọ̀nù pọ́n-ùn ni wọ́n sì ti fi tọ́jú wọn lásán. (Kì í ṣe gbogbo wọn ló gbé bọ́ǹbù, ẹ jẹ́ ká ṣòótọ́.) Sellafield, ilé iṣẹ́ núkílíà wọn, tún wà nílẹ̀. Lábẹ́ orúkọ Windscale ni wọ́n ti kọ́ ọ láti máa ṣe plutóníọ̀mù fún bọ́ǹbù Attlee. Iná sọ níbẹ̀ ní oṣù kẹwàá 1957, wọ́n da wàrà màlúù gbogbo agbègbè náà nù. Ní 2024, àyẹ̀wò owó sọ pé bílíọ̀nù 136 pọ́n-ùn ni wọn yóò fi gbá ibẹ̀ mọ́, ó sì di ọdún 2125. Ọ̀pọ̀ ìdọ̀tí ibẹ̀ jẹ́ ti iná mànàmáná, kì í ṣe ti bọ́ǹbù, ṣùgbọ́n bọ́ǹbù ló kọ́kọ́ la ẹnu ọ̀nà. Ọmọ ọmọ mi yóò jẹ́ ẹni ọdún 111 tó bá wà láyé. Mo sọ fún un. Ó ní kí n ra àìsìkiriìmù fún òun.

A jókòó sílé oúnjẹ, tíì gbígbóná, kéèkì. Àkànní ti ń fi imú mí láti inú yàrá máàpù. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ ti ṣírò gbèsè tán, ẹ ò kọ èrè. Ukraine kó bọ́ǹbù tiẹ̀ sílẹ̀, Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà àti Ìlú Ọba fọwọ́ sí ìwé fún wọn ní 1994 pé kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ilẹ̀ wọn. Ẹ wo Ukraine lónìí. Gaddafi ti Líbíà kó ẹ̀rọ tiẹ̀ sílẹ̀ ní 2003, ṣé ẹ rántí bó ṣe kú?" Mo dákẹ́ díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà ní ìwọ̀n. Èmi kì í ṣe ẹni tó máa sọ pé òfo ni Bevin rà. Bóyá lóòótọ́ ni kò sẹ́ni tó tún fi ìwọ̀sí kan mínísítà Ìlú Ọba bẹ́ẹ̀ mọ́. Mi ò sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo dá a lóhùn. Mo ní ti Gaddafi yẹn, ṣé ọjà tó rà ló fi gbèjà ara ẹ̀? Ó ju mílíọ̀nù 100 dọ́là lọ tí wọ́n ní ó san fún ẹgbẹ́ A. Q. Khan ará Pakistan, tó ń ta ẹ̀rọ bọ́ǹbù lábẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n kó fún un ò débi tó lè ṣe nǹkan kan, Amẹ́ríkà sì wá fi bàálù kó o lọ sí Tennessee ní 2004. Ó ra mọ́tò, àpótí ìdérí ẹ̀ńjìnnì ni wọ́n gbé fún un. Mo ní Pakistan fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ní 1965 Bhutto, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè wọn, ní bí India bá ṣe bọ́ǹbù, àwọn á jẹ koríko, àwọn á ṣe tiwọn. Wọ́n ṣe é. Ọjọ́ tí wọ́n yìn ín, ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún 1998, ọjọ́ yẹn gan-an ni ìjọba wọn ti gbogbo àkáǹtì owó òkèèrè tí aráàlú ní ní báńkì pa, torí wọ́n mọ̀ pé ayé máa fi òfin dè wọ́n. Èèyàn ń jó lójú títì, dọ́là tó fi pamọ́ fún owó ilé ìwé ọmọ ò sì ṣeé fọwọ́ kàn mọ́. "Ṣé Bhutto lo rò pé ó jẹ koríko, Àkànní?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé mo rántí ìgbà tí àwa náà fẹ́ ṣe tiwa. Mo ní ta ló lè gbàgbé? Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí ń ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè, láàárín 1985 sí 1987, ó ní ó yẹ kí aláwọ̀ dúdú náà ní bọ́ǹbù tirẹ̀. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà ò nídìí o: àwọn aláwọ̀ funfun ilẹ̀ South Africa ń ṣe tiwọn lábẹ́lẹ̀ lásìkò yẹn, mẹ́fà ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó tú u palẹ̀, de Klerk, olórí ìjọba wọn, ò sì jẹ́wọ́ àfi ní 1993. Àwa tí Faransé ti yin tiwọn ní aṣálẹ̀ Sàhárà, tí Nàìjíríà fi lé aṣojú wọn lọ ní oṣù kìíní 1961, ọ̀rọ̀ náà ń dùn wá. Ní ọ́fíìsì wa, àwọn ọkùnrin pín sí méjì lórí ẹ̀, wọ́n ń bú ara wọn lórí àmàlà. Ọdún 1986 yẹn ni náírà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú lábẹ́ SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba. Alága wa, bàbá àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló bi wọ́n pé, "Ta ló máa ra dísù jẹnẹrétọ̀ ibẹ̀?" NEPA ti mú iná lọ lọ́jọ́ náà, inú òkùnkùn la wà.

Àkànní ò gbà fún mi, èmi náà ò gbà fún un. Ó ní èmi ń ka owó, òun ń ka òkú tí kò kú. Mo ní ó dáa, kó kọ ọ́ síwájú mi, apá òsì gbèsè, apá ọ̀tún èrè, kó fọwọ́ sí i. Ohun tó ń bí mi nínú ò tilẹ̀ ju ìyẹn lọ: pé àwọn tó sọ pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀, kò sígbà kan tí wọ́n gbé ìwé náà kalẹ̀ kí ẹni tó ń sanwó tó ti san án tán.

Ẹ gbọ́ díẹ̀ nípa ibẹ̀ kí n tó lọ, torí bóyá ìyẹn lẹ tiẹ̀ bá wá. Ẹ wọ súẹ́tà, bó ti wù kí oòrùn mú níta. Àtẹ̀gùn pọ̀, ẹni tí orúnkún ń dùn kó mú ọ̀pá dání. Ẹ fún un ní wákàtí méjì, àwọn ọmọ kì í sì í fẹ́ kúrò nídìí tẹlifóònù. Tíì wọn dáa. Mo sanwó àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní òpin bí wọ́n ṣe ní ká ṣe, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ mi, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kí ọmọbìnrin tó wà nídìí káúńtà jọ̀ọ́ bá mi kọ rìsíìtì. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wá bébà kan, ó kọ ọ́. Ó wà nínú agolo báyìí.